Ta Ló Ní Kí Ẹ Máa Bulk?

Ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀ ní jíìmù, tí kò tíì lè gbé irin kílò 40 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí apá rẹ̀ má gbọ̀n, kó tó lo ọ̀sẹ̀ kan á ti bi kóòṣì pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bulk ni àbí kí n cut?" Kóòṣì á wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá tín-ín-rín, á ní kó lọ bulk. Tí ikùn rẹ̀ bá yọ díẹ̀, á ní kó kọ́kọ́ cut ná. Ọ̀rọ̀ parí. Ìdáhùn méjèèjì yìí ni mo ta kò. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹun, mi ò sì ní kí ẹni tó fẹ́ dín ọ̀rá kù má dín in kù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè yẹn gan-an kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíì ni, àwa la wá ń gbé e wọ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ ohun tí à ń sọ: bulk ni kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ máa jẹun ju ohun tí ara rẹ̀ ń lò lọ, fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíì mẹ́fà, kó sì máa gbé irin, kí oúnjẹ tó ṣẹ́ kù lè di iṣan. Ara á tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá náà á bá a wá. Cut ni òdì kejì rẹ̀: kó dín oúnjẹ kù kí ọ̀rá yẹn lè yọ́, kí iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè hàn. Tó bá yọ́ tán, kó tún bẹ̀rẹ̀ bulk mìíì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa yí i ká.

Ìdíje ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu. Ẹni tó bá ń lọ síbi ìdíje bíi Mr. Olympia, èyí tí Joe Weider dá sílẹ̀ lọ́dún 1965, mọ ọjọ́ tí adájọ́ máa wo òun. Ọjọ́ kan péré ni, lórí ìtàgé, lábẹ́ iná, pẹ̀lú pátá kékeré àti òróró lára. Ọjọ́ yẹn ló ń cut fún. Àwọn oṣù tó kù, kò sẹ́ni tó ń ṣèdájọ́ ikùn rẹ̀, nítorí náà ó lè jẹun bó ṣe wù ú. Ó sì tún ti ń gbé irin fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ ti fún un ní èyí tó rọrùn láti fún un, kó tó tún rí ìwọ̀nba iṣan díẹ̀ sí i, àfi kó fi oúnjẹ rọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà jíìmù lóṣù tó kọjá, ìtàgé wo lẹ ń lọ?

Nígbà tí Samson Dauda, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba adé Mr. Olympia ní Las Vegas lọ́dún 2024, inú gbogbo wa dùn. Ó yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí àwọn ọmọ ogún ọdún tó ń wo fídíò oúnjẹ àwọn irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, tí wọ́n ń ka iye àwo ìrẹsì, tí wọ́n sì ń fẹ́ jẹ bákan náà. Ara tí wọ́n ń wò yẹn, ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Oúnjẹ tó ń bọ́ ilé alájà mẹ́ta ni ẹ fẹ́ kó sínú búkà.

Ohun kan tún wà tí kóòṣì kì í fẹ́ sọ. Mi ò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó o, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣírí pé oògùn ti wọ iṣẹ́ yìí ní àwọn ìpele tó ga, ó sì ti pẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn lè jẹun àjẹjù kí púpọ̀ nínú rẹ̀ di iṣan. Ó lè pa ebi mọ́ra kí iṣan má sì yọ lára rẹ̀. Tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sì ń fi cut ṣe ìdíje, àwọn kan ti kú sí i. Lọ́dún 1992, Mohammed Benaziza kú ní Netherlands láìpẹ́ lẹ́yìn tó kúrò lórí ìtàgé, omi ló ti tán lára rẹ̀. Lọ́dún 1996, Andreas Münzer, ará Austria tí gbogbo ayé ń yìn pé kò sí ọ̀rá kankan lára rẹ̀, kú lẹ́ni ọdún 31. Ibi tí ọ̀nà yẹn lọ tán nìyẹn. Mi ò sọ pé ẹni tó bá dín èbà kù máa kú; mò ń sọ pé kí ẹ mọ ilé tí ẹ ti lọ yá ẹ̀wù.

Ó dáa, kí ló wá yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ dà bí ilẹ̀ ẹgàn tí wọn ò dáko sí rí. Ohun tí ẹ bá gbìn síbẹ̀ á hù. Kò nílò àpò ajílẹ̀ mẹ́wàá. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, agbára tẹ́ ẹ rí pé ó ń pọ̀ sí i kì í tilẹ̀ ṣe ti iṣan tuntun púpọ̀. Ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa pe iṣan tó ti wà lára yín tẹ́lẹ̀ síṣẹ́. Ẹ máa gbọ́ tí ẹnì kan á ní, "Bulk yìí ń ṣiṣẹ́ o, irin tí mò ń gbé ti fẹ́ di ìlọ́po méjì!" Jàre, ì báà jẹ́ pé oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà ló ń jẹ, irin yẹn á ṣì gòkè.

Àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì McMaster ní Kánádà gbé iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 2016. Wọ́n kó ọ̀dọ́kùnrin 40 tó sanra jọ, wọ́n sì dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ara wọn nílò, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n mú wọn gbé irin, wọ́n mú wọn sáré, kò sí ìsinmi tó pọ̀. Apá kan nínú wọn jẹ purotéènì tó pọ̀ gan-an, gíráàmù 2.4 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wọ̀n. Ọ̀rá kílò 4.8 kúrò lára wọn, ẹran ara tí kì í ṣe ọ̀rá sì fi kílò 1.2 pọ̀ sí i. Ẹ tún un kà. Oúnjẹ dín kù, ọ̀rá lọ, ẹran ara pọ̀ sí i, nínú oṣù kan náà. Gẹ́gẹ́ bí òfin kóòṣì, kò yẹ kí ìyẹn ṣeé ṣe: wọ́n ní ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ fìyà jẹ ara yín bíi tiwọn o. Àwọn onímọ̀ ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ògiri tí wọ́n mọ sáàárín bulk àti cut kò sí níbẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì mọ irin.

Ní Norway ńkọ́? Ina Garthe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé tiwọn jáde lọ́dún 2013. Àwọn eléré ìdárayá gidi ni wọ́n lò, kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ṣètò fún apá kan pé kí wọ́n máa jẹun ju bí ara wọn ṣe nílò lọ, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ kí wọ́n jẹ bó ṣe wù wọ́n. Gbogbo wọn ń gbé irin. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, ọ̀rá àwọn tó jẹ àjẹjù ti fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ti àwọn yòókù fi ìdá 3. Iṣan wá ńkọ́? Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan tí èèyàn ń pariwo lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká wá fi owó ṣírò rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń dùn mí jù. Kóòṣì tó ní kẹ́ ẹ bulk sábà máa ń ní kẹ́ ẹ fi kálórì 500 kún oúnjẹ òòjọ́ yín. Oṣù mẹ́rin jẹ́ 120 ọjọ́. Ìyẹn kálórì 60,000. Gàrí gíráàmù 100 ní nǹkan bíi kálórì 350, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ máa jẹ ohun tó tó kílò gàrí 17 lé oúnjẹ yín lórí. Kílò ọ̀rá kan ní nǹkan bíi kálórì 7,700. Tí ìdajì péré nínú àlékún yẹn bá di ọ̀rá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á sì lọ jókòó sí ikùn àti ìbàdí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wá fi oṣù méjì tàbí mẹ́ta pa ebi mọ́ra kẹ́ ẹ lè yọ ohun tí ẹ fi owó rà sára. Ní ìlú tí wọ́n ti ń fi agolo mílíìkì ka ìrẹsì fún èèyàn, tí ẹni tó ra ẹyin kíréètì kan ń gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun! Ta ló ń ṣe irú òwò yẹn?

Èdè wa náà kì í ràn wá lọ́wọ́ níbí. "O mà ti sanra o!" Oríyìn ni lẹ́nu ìyá àgbà, ó túmọ̀ sí pé ọkàn rẹ balẹ̀, owó ń wọlé, ìyàwó ń tọ́jú rẹ. "O ti rù" ni wọ́n fi ń béèrè bóyá ara ò yá. Nítorí náà, ọmọ tó bá bulk, tó lọ sílé lọ́dún Kérésì, gbogbo ẹbí á máa yìn ín, á sì gbà pé iṣan ni wọ́n ń yìn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwa náà la ní ọ̀rọ̀ tó pín in níyà. Ẹni tó ṣígbọnlẹ̀ kì í ṣe ẹni tó sanra. Ẹ wo àwọn tó ń gbé búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, èjìká wọn, ẹ̀yìn wọn, iṣan apá tó yọ ketekete. Kò sí èyí tó bulk rí nínú wọn. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ gbé búlọ́ọ̀kù, iṣẹ́ yẹn ń ba ẹ̀yìn jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì jẹun kánú. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé ẹ ò rí wọn.

Àwọn tó ń jèrè nínú bulk ńkọ́? Àkọ́kọ́ ni àgé ńlá yẹn, èyí tí wọ́n ya àyà ọkùnrin tó wú sí lára, tí wọ́n ní ó ń mú èèyàn tóbi. Ẹ yí i, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ṣúgà àti ìyẹ̀fun maltodextrin ló pọ̀ jù, purotéènì díẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ẹ bu gàrí tútù, ẹ da ṣúgà sí i, ẹ fi ẹ̀pà àti mílíìkì oníyẹ̀fun kún un: ẹ ti ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, owó yín sì ṣẹ́ kù. Kẹ́ ẹ sì tún bi kóòṣì léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èló ló ń kàn án lórí àgé kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá rà.

Ìkejì ló ń bà mí lẹ́rù. Oògùn àjẹsanra. Wọ́n ń tà á ní kẹ́mísì, wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á di í sínú ọ̀rá funfun kékeré tí kò ní orúkọ. Lọ́pọ̀ ìgbà cyproheptadine àti dexamethasone ló wà nínú rẹ̀. Cyproheptadine, oògùn ara yíyún àti imú tó ń dà ni. Ó ń kun èèyàn lóorun, ó sì ń mú kí ebi máa pa á ṣáá. Dexamethasone ń mú kí omi dúró sára, ojú á wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, ẹ ó máa rò pé ẹ ti ń tóbi. Ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń sọ egungun di ẹlẹ́gẹ́. Èyí tó yẹ kí gbogbo ará jíìmù há sórí ni pé ó ń jẹ iṣan, pàápàá ti itan àti ti èjìká. Ẹ ń gbé irin láàárọ̀ láti kọ́ iṣan, ẹ sì ń gbé oògùn mì lálẹ́ láti wó o. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, ó lè gbé e dákú; kó lọ rí dókítà, kó má tijú.

Àwọn obìnrin náà wà nínú rẹ̀. Tiwọn, cut ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá wọn sọ, kódà ẹni tí kò ní ohun tó fẹ́ gé kúrò. Obìnrin tó bá ń jẹun tó kéré jù, tó sì ń sáré, tó ń gbé irin, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Àwọn kan á máa yọ̀ pé wàhálà ti kúrò. Ara ló ń ké pe yín yẹn, ó ní oúnjẹ tí ẹ ń fún òun kò tó òun láti gbé ilé dúró.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ báyìí. "Ọ̀gá, èmi tín-ín-rín gan-an, kílò 52 ni mo wọ̀n, ẹ má sọ fún mi pé kí n má jẹun." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun! Ẹni tó rù torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ń jẹun lójúmọ́, oúnjẹ gidi ló nílò, ìyẹn kì í ṣe bulk. Bulk ni kẹ́ ẹ kọjá ibi tí ara tó, ẹ̀yin ò tíì débẹ̀. Ẹ fi kálórì 200 tàbí 300 kún un, ìyẹn ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, kẹ́ ẹ dúró wò ó. Ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ náà, kó máa jẹ ohun tó ń jẹ, kó yọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti búrẹ́dì àjẹtúnjẹ kúrò, kó sì máa gbé irin. Kò sí ohun tó ní kó di ẹni tó ń wọn ìrẹsì lórí òṣùwọ̀n kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi irin bẹ̀rẹ̀.

Purotéènì ni ibi tí kẹ́ ẹ ti le. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 49 jọ, wọ́n rí i pé àǹfààní rẹ̀ fún àwọn tó ń gbé irin fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí nǹkan bíi gíráàmù 1.6 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá wọ̀n. Ẹni kílò 60, gíráàmù 96 nìyẹn. Ẹyin mẹ́ta láàárọ̀, 18. Ẹ̀wà sísè gíráàmù 400 láàárín ọ̀sán àti alẹ́, 30. Ẹja Titus tó tó gíráàmù 120, nǹkan bíi 23. Ẹ̀pà gíráàmù 50, 12. Ìrẹsì, iṣu tàbí búrẹ́dì tẹ́ ẹ bá fi jẹ ẹ́ á gbé ìyókù wá. Kò sí àgé kankan nínú rẹ̀. Tí owó ẹja bá le, wàrà sóyà wà. Ẹ̀wà nìkan ṣaláìní nǹkan díẹ̀ tí àgbàdo ní, àgbàdo náà ṣaláìní ohun tí ẹ̀wà ní, ìyẹn ni pé ẹni tó kọ́kọ́ da méjèèjì pọ̀ tó pè é ní àdàlú ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí láìdé yunifásítì. Ẹ má bínú sí mi nípa pọ̀nmọ́. Ó dùn, èmi náà ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n awọ ni, purotéènì inú rẹ̀ kò ní tryptophan rárá, kò sì lè dá kọ́ iṣan. Ẹ má kà á mọ́ ọn. Èbà náà, gíráàmù kan tàbí méjì péré ló wà nínú gàrí gíráàmù 100; ohun tó wà nínú ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà.

Ẹ ra téèpù bíi ti télọ̀, kò wọ́n. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ wọn ìdodo yín yí ká, ẹ wọn apá, ẹ kọ iye irin tẹ́ ẹ gbé sínú ìwé. Tí irin bá ń gòkè, tí ìbàdí kò kúrò lójú kan, ẹ má yí nǹkan kan padà. Tí ìbàdí bá ń fẹ̀ ju apá lọ, oúnjẹ ti pọ̀ jù. Tí irin bá dúró sójú kan fún oṣù kan, tí oorun yín pé, tí ẹ kì í sì í pa ọjọ́ jẹ, ẹ fi àwo ẹ̀wà kan kún un. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì. Ẹni tó bá wá fẹ́ lọ sórí ìtàgé lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ bá kóòṣì tó ti gbé ẹlòmíì débẹ̀ rí, tí kì í ta oògùn.